Ẹ̀rọ dúdú oníbọ́tìnnì rọ́bà tí Bàbá rà ní Lọ́ńdọ̀nù: ibo ni ZX Spectrum dúró sí nínú ìtàn kọ̀ǹpútà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Lẹ́yìn tí Bàbá wa papòdà, a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ní Abẹ́òkúta, a sì bá ẹ̀rọ dúdú pẹlẹbẹ kan nínú àpótí. Bọ́tìnnì rọ́bà ló ní, wọ́n fa ìlà pupa, yẹ́lò, gíríìnì àti búlúù sí igun rẹ̀ kan, wọ́n sì kọ Sinclair ZX Spectrum sí i lára. Kásẹ́ẹ̀tì wà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò rí ṣáájà. Ìyá wa ní kọ̀ǹpútà ni, pé Bàbá rà á nígbà tí wọ́n ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, pé IBM ni kọ̀ǹpútà gidi láyé ìgbà yẹn. Ta ló jàre? Ṣé a ṣì lè tàn án? Wọ́n tún ní oríṣi méjì ló wà. Báwo la ṣe máa mọ èyí tí Bàbá rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Kí n tó dá ẹjọ́ ìyá àti ọmọ, ìkìlọ̀ kan ló ṣíwájú: ẹ má tíì ki ṣáájà kankan bọ ẹ̀rọ náà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ilé á ti máa wá èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ihò náà mu. Kí ẹnu bá ihò mu nìkan kò tó. Iná 9 volt ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ, ṣùgbọ́n nẹ́gétíìfù ló wà láàárín ẹnu ṣáájà rẹ̀, pósítíìfù ló wà lára ìta. Ọ̀pọ̀ ṣáájà 9 volt tó wà lọ́jà lónìí ló jẹ́ pé pósítíìfù ni wọ́n fi sáàárín. Ẹ fi irú ìyẹn sí i pẹ́rẹ́n, ohun tó ti wà láti nǹkan bí ogójì ọdún lè jóná kí ẹ tó yọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àpótí rẹ̀ títí a ó fi kan ọ̀rọ̀ iná nísàlẹ̀.

Ó dáa, ẹjọ́ yá.

Ìyá yín ló jàre. Kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe àfarawé rẹ̀. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ìyẹn chip Z80A tó ń ṣiṣẹ́ ní 3.5 MHz, ó ní mẹ́mọ́rì tirẹ̀, ó ní èdè tí èèyàn fi ń pàṣẹ fún un. Àbúrò yín náà ò parọ́ tán, torí géèmù ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlú Ọba ń fi í ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tó ti ṣì í ni IBM tó fi ṣe òṣùwọ̀n. IBM PC àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, $1,565 sì ni èyí tó kéré jù nínú wọn. Fún owó yẹn, mẹ́mọ́rì 16K, ìyẹn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún báìtì (báìtì kan ló ń gba lẹ́tà kan), ni wọ́n máa fún yín. Kò sí ojú tí ẹ máa fi wò ó, kò sí ibi tí ẹ máa ki dísìkì bọ̀. Ihò kásẹ́ẹ̀tì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti ẹ̀rọ Bàbá gẹ́lẹ́. Ẹ bi àbúrò yín bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Sinclair Research, ní Cambridge, ló gbé Spectrum jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1982. Clive Sinclair ló ni ín, ọkùnrin tó ti ń ṣe ẹ̀rọ ìṣirò tó ń wọ àpò láti ọdún 1972, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ láti ìgbà náà: kó mú ohun tí àwọn olówó ń rà, kó wá ọ̀nà tí mẹ̀kúnnù á fi lè rà á. Ní ọdún 1980 ó ta ZX80 ní £99.95. Ní ọdún 1981 ó ta ZX81 ní £69.95, tàbí £49.95 fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀. 1K péré ni mẹ́mọ́rì ZX81, kò ní àwọ̀, kò ní ohùn, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń rà á wìtìwìtì. Spectrum ló tẹ̀lé e, ó sì mú àwọ̀ àti ohùn dé: £125 ni oríṣi 16K, £175 ni oríṣi 48K. Nígbà tó di ọdún 1983, wọ́n ti já owó náà wálẹ̀ sí £99 àti £129.

Kọ̀ǹpútà BBC Micro Model B, tí ilé ẹ̀kọ́ Ìlú Ọba ń lò nígbà kan náà, £399 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè, tó ń san owó ilé ìwé, tó tún ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tí agbára rẹ̀ á gbé.

Lójú tèmi, iye owó ni wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ní Cambridge, ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá ń wá ẹ̀rọ tó máa wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú yìí wò ó, gbogbo ohun tó dà bí àbùkù lára Spectrum á yé e. Ẹ mú bọ́tìnnì rọ́bà yẹn. Rick Dickinson ló ya bí ara ẹ̀rọ náà ṣe máa rí. Dípò bọ́tìnnì 40 tó dá dúró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sípíríǹgì tirẹ̀, rọ́bà kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́ sórí ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ wáyà sí, wọ́n wá fi páànù tó ní ihò bò ó lórí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí i pé ó ń rọ̀ bọ̀ọ̀ lábẹ́ ìka. Àwọn ará ibẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè é ní ẹran òkú. Wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tán, wọ́n sanwó, wọ́n gbé e lọ sílé.

Inú rẹ̀ ni ọgbọ́n wà jù. Richard Altwasser ló ṣètò bí chip inú rẹ̀ ṣe máa bára ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ bíi kí ẹ̀rọ máa ya àwòrán sójú tẹlifíṣọ̀n, kó máa wo bọ́tìnnì tí èèyàn tẹ̀, kó máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, kó sì máa dún, odidi agbo chip ni àwọn mìíràn ń fi ṣe é. Sinclair kó gbogbo rẹ̀ sínú chip kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ Ferranti ń bá wọn ṣe, tí wọ́n ń pè ní ULA. Chip tó dín, owó ló dín, ibi tó lè bàjẹ́ náà dín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti mẹ́mọ́rì. Láti sọ 16K di 48K, ẹ̀rọ náà nílò 32K sí i. Láyé ìgbà náà, chip mẹ́mọ́rì 64 kílóbíìtì (bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan) ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ó sì wọ́n. Àwọn tó ń ṣe é máa ń rí àwọn kan tí ìdajì rẹ̀ kú láti ilé iṣẹ́, tí ìdajì kejì sì dára. Ta ló máa ra chip tó ti kú lápá kan? Sinclair rà á, ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n to mẹ́jọ irú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi wáyà kékeré kan sọ fún ẹ̀rọ pé ìdajì èyí tó wà láàyè ni kó lò. Bí ti Bàbá bá jẹ́ 48K, ó ṣeé ṣe dáadáa kí chip aláàbọ̀ ara mẹ́jọ wà nínú rẹ̀ di òní, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́.

Àwọ̀ náà nìyẹn. Ojú àwòrán Spectrum jẹ́ àmì 256 ní ìbú àti 192 ní òró. Bí wọ́n bá ní kí àmì kọ̀ọ̀kan mú àwọ̀ tó wù ú nínú 15 tí ẹ̀rọ náà mọ̀, àwòrán ojú kan ṣoṣo á gba báìtì 24,576. Gbogbo mẹ́mọ́rì oríṣi 16K kò sì ju 16,384 lọ! Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pín ojú náà sí igun kéékèèké, àmì 8 ní ìbú, 8 ní òró, wọ́n wá fòfin dè é: igun kan, àwọ̀ méjì péré, ọ̀kan fún ohun tí ẹ yà, ọ̀kan fún ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá di báìtì 6,912. Ó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yẹ́lò inú géèmù bá ń gba iwájú igi gíríìnì kọjá, ìdajì igi á di yẹ́lò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo géèmù Spectrum rí, kò sí bí kò ṣe ní rántí ìyẹn. Àwọn tó gbọ́n nínú àwọn oníṣẹ́ wá ń ya odidi yàrá kan ní àwọ̀ kan ṣoṣo kí ìjà àwọ̀ má bàa sí. Bẹ́ẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Stamper ṣe géèmù Knight Lore ní ọdún 1984, ilé alájà tó dà bí èyí tí èèyàn lè wọ inú rẹ̀, tí àwọn tó ń ṣe géèmù sì ń wò ṣe àwòṣe fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀rọ. Ohun tó fún un ní àyè nínú ìtàn, ojú tó ń kọ́ni nígbà tí ẹ bá tàn án ni.

Kò sí pé ó ń yí, kò sí pé ó ń lọ́ra. Ojú tẹlifíṣọ̀n á funfun, ìlà kan á jáde nísàlẹ̀: © 1982 Sinclair Research Ltd. Ó tán. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ ti wà nínú èdè BASIC, ẹ̀rọ ń retí àṣẹ yín. Steve Vickers, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Nine Tiles tí Sinclair gbé iṣẹ́ náà fún, ló kọ ọ́, ó kó o sínú 16K tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ. Òun náà ló kọ ìwé ìtọ́ni tó bá ẹ̀rọ náà wá, ìwé tó sì dára ni. Bí ẹ bá rí i nínú ẹrù Bàbá, ẹ má sọ ọ́ nù o.

Ẹ wo ara bọ́tìnnì yẹn dáadáa, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí i, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nísàlẹ̀, òmíràn lára rọ́bà fúnra rẹ̀. Lórí Spectrum, ẹ kì í kọ PRINT ní lẹ́tà márùn-ún. Ẹ tẹ P lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á jáde. G ni GO TO. R ni RUN. J ni LOAD. Báìtì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà ní mẹ́mọ́rì, ó sì gba ìka lọ́wọ́ rọ́bà yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò kọ́ nǹkan kan rí lè tẹ èyí:

10 PRINT "E KU ILE"
20 GO TO 10

Kó wá tẹ R, kó tẹ ENTER. Ìkíni náà á rọ́ sílẹ̀ títí ojú tẹlifíṣọ̀n á fi kún, ẹ̀rọ á wá béèrè nísàlẹ̀ pé scroll? (ìyẹn ni pé, ṣé kó máa lọ?) Ọmọ náà ti kọ pírógíráàmù. Kò sí ẹni tó fún un láṣẹ, kò sí ohun tó kọ́kọ́ rà, kò sí ohun tó kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ. Nínú ilé ìtajà bíi W H Smith, àwọn ọmọ á yọ́ wọlé lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n á kọ ìlà méjì yìí sí gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí àtẹ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì máa ń fi sáàárín àmì náà kì í ṣe ẹ kú ilé. Ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà máa ń tẹ odidi géèmù jáde ní ìlà-ìlà, àwọn ọmọ á jókòó tì í ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á dà á kọ. Bí àmì kan bá yẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Wọ́n á wá ibi tó ti yẹ̀ títí wọ́n á fi rí i, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ rí, ilé ìpamọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sínú rédíò kásẹ́ẹ̀tì lásán, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kan tó ń dún gbọọrọ láìyí padà, lẹ́yìn náà ariwo tó ń han etí bí ìgbà tí rédíò bá pàdánù ìtọ́sọ́nà. Ohùn gbọọrọ yẹn ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀; ní àkókò yẹn, ìlà pupa àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ á máa rìn lára etí ojú tẹlifíṣọ̀n. Ariwo tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìlà á sì yí sí yẹ́lò àti búlúù. Ìgbì ohùn tó ń lọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá ni 1, èyí tó yára tó ìlọ́po méjì rẹ̀ ni òdo. Ẹ̀rọ ń wọn bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, ó ń kọ ohun tó gbọ́ sínú mẹ́mọ́rì. Géèmù tó kún 48K á gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ohùn rédíò bá lọ sílẹ̀ jù, tàbí ẹnì kan gbá tábìlì ní ìṣẹ́jú kẹrin, ẹ ó rí R Tape loading error, 0:1, ẹ ó sì yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ti sunkún lórí ìlà yẹn ní Ìlú Ọba.

Torí pé kásẹ́ẹ̀tì lásán ni, ẹnikẹ́ni tó bá kọ géèmù tó dáa lè dà á kọ sí kásẹ́ẹ̀tì, kó sì tà á. Matthew Smith kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí géèmù rẹ̀, Manic Miner, jáde ní ọdún 1983. Ó mú kí orin máa dún bí èèyàn ṣe ń fi géèmù náà ṣeré lọ, lórí ẹ̀rọ tí ohun tó ń dún nínú rẹ̀ kò mọ̀ ju kó tan tàbí kó kú. Ilé iṣẹ́ Timex ní Dundee, ní Scotland, ni wọ́n ti ń tò Spectrum. Ọmọ ìlú náà kan, David Jones, ṣiṣẹ́ ní Timex kí ó tó dá DMA Design sílẹ̀ ní Dundee. Ilé iṣẹ́ yẹn ló ṣe Lemmings ní ọdún 1991, òun náà ló ṣe Grand Theft Auto àkọ́kọ́ ní ọdún 1997. Ọdún 1997 kan náà ni yunifásítì Abertay, ní ìlú kan náà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè lórí géèmù kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ yín tó ń fi géèmù yẹn ṣeré lórí PlayStation ò mọ̀ pé gbòǹgbò rẹ̀ kan ti ìdí ẹ̀rọ Bàbá wá.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Spectrum ni kọ̀ǹpútà ilé àkọ́kọ́. Ní ọdún 1977, ọdún márùn-ún ṣáájú rẹ̀, Apple II, Commodore PET àti TRS-80 ti jáde ní Amẹ́ríkà. Òun náà kọ́ ló lágbára jù ní ọdún tirẹ̀. Commodore 64 jáde ní ọdún 1982 kan náà. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ jù ú lọ, bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ bọ́tìnnì gidi, chip ohùn rẹ̀ tí Bob Yannes ṣe kò ṣeé fi wé ariwo Spectrum rárá. Káàkiri ayé, Commodore ló tà jù. Bẹ́ẹ̀ ni, bí àbúrò yín bá ń wá baba-ńlá fóònù ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Sinclair ló máa ti rí i, ọ̀dọ̀ ọ̀tá Sinclair ni. Chris Curry ti bá Sinclair ṣiṣẹ́ rí, ó kúrò, ó lọ bá Hermann Hauser dá Acorn sílẹ̀ ní Cambridge níbẹ̀. Acorn ló gba iṣẹ́ BBC Micro mọ́ Sinclair lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dun Sinclair wọra. Ní Acorn ni Sophie Wilson àti Steve Furber ti ṣe chip ARM àkọ́kọ́, tó ṣiṣẹ́ ní ọdún 1985. Irú chip náà ló wà nínú fóònù tí ẹ fi ń ka ohun tí mò ń kọ yìí.

Kí wá ni tiẹ̀? Ilé ni tiẹ̀. BBC Micro wà ní ilé ẹ̀kọ́, níbi tí olùkọ́ ti ń ṣọ́ ọ. IBM wà ní ọ́fíìsì. Spectrum wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, níwájú tẹlifíṣọ̀n ilé, lọ́wọ́ ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti ọmọ nọ́ọ̀sì. Ó sì rìn jìnnà. Ní Brazil, tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n kó kọ̀ǹpútà òkèèrè wọlé, ilé iṣẹ́ Microdigital ní São Paulo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ọdún 1985, wọ́n pè é ní TK90X. Ní Soviet, wọn ò rí chip ULA ti Ferranti rà, ni àwọn onímọ̀ bá tú iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀, wọ́n fi chip kéékèèké tí wọ́n rí lọ́jà ṣe é ní ẹyọ-ẹyọ. Ẹ̀dà bíi Leningrad àti Pentagon kún ilé wọn títí wọ ọdún 1990 síwájú. Ẹ̀rọ olówó gọbọi kò ní ṣeé dà kọ bẹ́ẹ̀.

Òpin rẹ̀ ò gùn. Sinclair gbé kọ̀ǹpútà QL jáde ní 1984 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí, kò tà bó ṣe rò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Linus Torvalds, tó wá dá Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, fi QL kọ́ṣẹ́ ní Finland. Ní 1985 ó tún gbé ọkọ̀ oníná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, C5, jáde. Ìyẹn tún tà kéré sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, Alan Sugar ti ilé iṣẹ́ Amstrad ra iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní £5 mílíọ̀nù, ó sì ń ta oríṣiríṣi Spectrum títí di ọdún 1992. Clive Sinclair papòdà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021.

Ó ku ti iná. Bí ẹ ò bá rí ṣáájà rẹ̀, ẹ wá èyí tó jẹ́ 9 volt, tí nẹ́gétíìfù wà láàárín, tó sì lè gbé tó 1.4 ampere. Ṣáájà àwọn onígìtá máa ń ní nẹ́gétíìfù láàárín, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lágbára tó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Kí ẹ tó tàn án, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ rédíò tún ṣe, kì í ṣe ẹni tó ń fi fóònù nìkan jẹun. Kó rọra ṣí i, torí ọ̀rá pẹlẹbẹ méjì tó so bọ́tìnnì mọ́ pátákó chip ti gan láti ọjọ́ yìí, ó máa já bí wọ́n bá fà á. Bí iná bá ti wọlé, kó wọn ọ̀nà iná mẹ́mọ́rì ìsàlẹ̀: 5 volt, 12 volt àti 5 volt nẹ́gétíìfù ló yẹ kó bá. Bí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, kó pa á kíá, kó wo tàràǹsísítọ̀ àti kọ́ìlì kékeré tó ń pèsè rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń kú jù. Tẹlifíṣọ̀n tó bá ṣì ní ihò ẹ́ríà tó sì ń gba ìkànnì àtijọ́ á ṣe é. Ẹ wá a lọ́wọ́ ní agbègbè UHF 36. Ẹ má wá ohùn lára tẹlifíṣọ̀n o, inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ti ń dún.

Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ nǹkan sí lára ni kí ẹ kọ́kọ́ dá sí. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́, ẹlòmíràn ti ní in. Èyí tó ní ìwé ọwọ́ Bàbá, ó lè jẹ́ pírógíráàmù tí wọ́n fúnra wọn kọ, kò sì sí lọ́wọ́ ẹnì kankan mọ́ láyé. Ẹ fi wáyà so rédíò kásẹ́ẹ̀tì mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni gba orin sílẹ̀, kí ẹ má ṣe yọ ariwo kankan kúrò nínú rẹ̀. Fuse, pírógíráàmù ọ̀fẹ́ tó ń ṣe bíi Spectrum, àti àwọn irinṣẹ́ tó bá a rìn lè fi ohùn yẹn ṣiṣẹ́, kódà bí ẹ̀rọ náà kò bá jí mọ́.

Bó bá jí, ẹ lè bi òun fúnra rẹ̀ léèrè oríṣi tó jẹ́. Ẹ tẹ P, PRINT á jáde. Ẹ tẹ CAPS SHIFT àti SYMBOL SHIFT pọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ tẹ O: PEEK nìyẹn, àṣẹ tó ń wo ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì. Ẹ kọ 23732. Ẹ di SYMBOL SHIFT mú, ẹ tẹ K fún àmì àròpọ̀, ẹ kọ 256, ẹ tún di SYMBOL SHIFT mú, ẹ tẹ B fún àmì ìsọdipúpọ̀. Ẹ mú PEEK jáde lẹ́ẹ̀kan sí i bíi ti ìṣáájú, ẹ kọ 23733, kí ẹ tẹ ENTER. Bí ó bá kọ 65535, oríṣi 48K ni, gbogbo mẹ́mọ́rì rẹ̀ sì pé. Bí ó bá kọ 32767, ẹ má tíì sọ pé 16K ni Bàbá rà. Ẹ ní kí oníṣẹ́ yín wo inú rẹ̀. Bí àyè chip mẹ́jọ ti 32K bá ṣófo, 16K ni. Bí chip bá wà níbẹ̀, 48K ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló kú, wọ́n sì ṣeé pààrọ̀.